Iye Ọkọ̀ Kọ́ Ni Iyì Jagunjagun

Àrùn kan wà lára àwa ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kí ó má baà di ohun àjogúnbá fún àwọn ọmọ wa. Àrùn náà ni pé bí ọ̀rọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì bá délẹ̀ láàrin wa, akọni tí ẹnu wa máa ń yá láti ròyìn kì í ṣe ọmọ ilé wa, kì í sì í ṣe ẹni tí ó gbèjà wa. Ará Jámánì ni, awakọ̀ òfurufú ogun sì ni. A ó ní Erich Hartmann yin ọkọ̀ òfurufú 352 lulẹ̀, pé irú rẹ̀ kò sí rí láyé. A ó ní Hans-Joachim Marseille yin 158 lulẹ̀ kí ó tó kú ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1942, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. A ó ní Heinz-Wolfgang Schnaufer ni ọba inú òkùnkùn, tí ó yin 121 lulẹ̀ lóru. A ó máa ka àwọn iye wọ̀nyí léraléra bí ẹni ń ka owó ẹyọ, ẹni tí ó bá sì gbọ́ wa láti ìta yóò rò pé eré bọ́ọ̀lù ni à ń ròyìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò lọ́jú pọ̀. Iye ọkọ̀ kọ́ ni iyì jagunjagun, àwa tí a bí sínú oríkì ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ mọ èyí kí aráyé tó mọ̀ ọ́n.

Ìbàdàn ni n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ìlú tí ó mọ ogun jù ú lọ ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ibùdó ogun ni kí ó tó di ìlú ní nǹkan bí ọdún 1829. Ẹni tí ó bá gba Oríta-mẹ́rin kọjá sí Ọjàaba, tí ó gun òkè lọ sí Mápó, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ tàbí tí ó yà sí Bẹ́yẹrúnkà, àárín agboolé àwọn jagunjagun ni ó ń rìn. Ọjàaba pàápàá, Ọjà Ìbà ni, èyí tí í ṣe ọjà Ìbà Olúyọ̀lé. Ní àdúgbò wọ̀nyí, orúkọ Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá àti Látòósà kì í ṣe ohun tí a ń lọ tú nínú ìwé nìkan. Ẹnu àwọn obìnrin ilé àti àwọn ọmọ-osú ni wọ́n wà, tí wọ́n sì ń jáde níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú oríkì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe. Òtítọ́ ni pé ó ń ka ogun tí akọni jà, ó ń ka ìlú tí ó fọ́, ó sì ń ka ẹrú tí ó kó bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í dúró síbẹ̀. Oríkì ń béèrè pé ọmọ ta ni akọni yìí í ṣe, ó ń béèrè pé ta ni ó jagun fún, ó sì ń béèrè pé kí ni ó fi agbára rẹ̀ ṣe nígbà tí ó padà délé. Oríkì a máa dárúkọ ìkà akọni, a máa dárúkọ gbèsè rẹ̀, a máa dárúkọ ìtìjú tí ó bá a lọ́jọ́ kan lójú agbo. Karin Barber, ẹni tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù, fi èyí hàn gbangba: ohun tí ó buyì kún ènìyàn àti ohun tí ó kù ú kù ní ẹsẹ̀ kan náà lè jọ wà nínú oríkì kan. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ìyìn tí kò ní àbùkù nínú, ìpolówó ọjà ni.

Ẹ wá fi èyí wé ìròyìn tí a ń ròyìn awakọ̀ ará Jámánì. Nínú ìròyìn náà, kò lọ́mọ ẹni, kò lólúwa tí ó rán an níṣẹ́, kò sì lẹ́ni tí ó pa. Ojú òfurufú mímọ́, ẹ̀rọ dídán àti ọwọ́ yíyá nìkan ni ó wà níbẹ̀. Opó mẹ́ta ni wọ́n fi gbé ìròyìn yìí ró: pé ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, pé kò bá òṣèlú ṣe, àti pé ó fẹ́ràn ènìyàn dúdú. N ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ìrù ọkọ̀ òfurufú Schnaufer ń bẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ń pè ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmì 121 ni wọ́n kùn sí i lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó yìn lulẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 1945 nìkan, mẹ́sàn-án ni ó fi kún un. Òyìnbó tí ó ń wo ìrù yìí lè máa wo iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ń ru bọ́ǹbù, Lancaster àti Halifax, tí ènìyàn méje máa ń wà nínú rẹ̀: awakọ̀, afọ̀nàhàn, ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀ńjìnnì, ẹni tí ń gbọ́ wáyálẹ́ẹ̀sì, ẹni tí ń ju bọ́ǹbù, àti ayìnbọn méjì. Àwọn awakọ̀ òru ilẹ̀ Jámánì a sì máa rá wọ abẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, wọn a yin ìbọn tí ó kọjú sókè lu ikùn rẹ̀, kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tó mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ nítòsí. Nítorí náà, àmì kan kì í ṣe ọkọ̀ kan. Ọmọ méje ni, àti ìyá méje tí ń dúró de ìròyìn. Iye tí a kùn sára irin ti gbé àwọn ènìyàn yẹn mì, àwa náà sì ń jókòó ka irin.

Òmíràn ni ti pé kò bá òṣèlú ṣe. Hartmann, Marseille àti Schnaufer, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gba àgbélébùú akin tí a fi dáyámọ́ńdì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀yẹ tí ìjọba Hitler fún ènìyàn 27 péré ní gbogbo ogun náà. Ìjọba tí ó fún wọn ní ẹ̀yẹ yìí ni ó fi ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ ba agbára ìbímọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ jẹ́ ní agbègbè odò Rhine ní ọdún 1937, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sì ju pé bàbá wọn jẹ́ ọmọ ogun láti ilẹ̀ Áfíríkà tàbí ilẹ̀ ìṣàkóso Faransé mìíràn, tí ìyá wọn sì jẹ́ ará Jámánì. Ọmọ ogun ìjọba yìí náà ni ó ya àwọn ọmọ ogun dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn funfun ní Chasselay, nítòsí Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, tí wọ́n sì pa wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Itẹ́ òkú pupa kan tí a ń pè ní Tata wà níbẹ̀ di òní olónìí tí ó ń jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ojú òfurufú fún irú ìjọba bẹ́ẹ̀, kí ìjọba náà lè máa rí ààyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ń lọ lábẹ́ òun. Yorùbá kì í dá adènà láre nígbà tí olè bá ń jí ẹrù nínú ilé.

Opó tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti ìfẹ́ sí ènìyàn dúdú, òun sì ni ó dùn mí jù, nítorí àwa ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún. Wọn a ní Marseille mú ọmọ ogun dúdú kan láti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n kó nígbèkùn nínú aṣálẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn tí ó kàwé jù mí lọ, tí ojú wọn ń dán bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Kí ni ó wà nínú rẹ̀ bí a bá tú u? Ẹni ìgbèkùn kan ń se oúnjẹ, ó ń gbé ọtí fún ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ mú un. Bóyá inú Marseille dára sí i, n kò jiyàn. Ìwọ̀fà pẹ̀lú a máa rí olówó rere, ọ̀pọ̀ ẹrú sì wà ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un tí olúwa wọn fẹ́ràn wọn dé ibi pé ó fi wọ́n joyè ogun. Ta ni nínú wa tí yóò torí ìyẹn sọ pé oko ẹrú dára? Ojú rere tí ẹnì kan fi wo ẹrú kan kì í wẹ ilé tí ó sọ ọ́ di ẹrú mọ́.

Ohun tí ó wá yani lẹ́nu ni pé àwọn ará Jámánì fúnra wọn ti ń kó ère wọ̀nyí jáde nínú ilé. Ní ọdún 2005, ìjọba wọn yọ orúkọ Werner Mölders, gbajúmọ̀ awakọ̀ ogun mìíràn, kúrò lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n yọ orúkọ Marseille kúrò lára bárékè ọmọ ogun òfurufú ní ìlú Appen, wọ́n sì fi orúkọ Jürgen Schumann rọ́pò rẹ̀. Ta ni Schumann? Awakọ̀ òfurufú ni òun náà, ọkọ̀ èrò ni ó ń wà, àwọn ajínigbé sì pa á ní Aden ní ọdún 1977 nígbà tí ó ń wá ọ̀nà tí ẹ̀mí àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi là. Kò yin ọkọ̀ kankan lulẹ̀. Àwọn tí ó bí Marseille lọ́mọ ti rò ó, wọ́n sì ti rí i pé ẹni tí ó gba ẹ̀mí là ni ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ogun wọn máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Onílé ń gbé e síta, àwa tí a kì í ṣe ẹbí ń gbé e wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ní ti wa. Títí di ọdún 1939, òfin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí à ń pè ní RAF, kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ òyìnbó pátápátá láyè láti jẹ ọ̀gá nínú rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ogun ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú òfin náà. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tí ó di obìnrin adájọ́ àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1943, gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀gá nínú RAF, ní ọdún 1942, awakọ̀ òfurufú sì ni. Ọkọ̀ òfurufú já pa á ní oṣù Kìíní ọdún 1945, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì sin ín sí. Báńkọ́lé Vivour wà nínú ẹgbẹ́ 156, àwọn tí ń ṣáájú láti tan iná síbi tí bọ́ǹbù yóò bọ́ sí; ó kú lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ní ọdún 1944. Johnny Smythe, ará Freetown, jẹ́ afọ̀nàhàn. Wọ́n yin ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀ ní 1943, ó ṣe ẹ̀wọ̀n ogun ní Jámánì títí ogun fi parí, ó sì padà di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sierra Leone.

Akin Shenbanjo ni mo fi kẹ́yìn, nítorí nǹkan ìyanu kan ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ Nàìjíríà ni, ẹgbẹ́ 76 ni ó wà, wáyálẹ́ẹ̀sì àti ìbọn sì ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ Halifax. Ó gba àmì ẹ̀yẹ akin tí à ń pè ní DFC. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń fò kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sí ara ọkọ̀ wọn nítorí tirẹ̀: "Achtung! The Black Prince." Èdè Jámánì ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "Ẹ ṣọ́ra!", ìyókù ni "Ọmọ Ọba Dúdú." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni èyí bí kì í ṣe oríkì? Àwọn ọmọ òyìnbó tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ oríkì kì ọmọ wa sára irin, wọ́n sì fò ó kọjá lókè ọ̀tá. Àwa tí oríkì jẹ́ tiwa kò kì í sí ibì kankan. N kò wí pé Schnaufer ni ó pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo dárúkọ. Ohun tí mo wí ni pé irú ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni àwọn àmì ara ìrù yẹn ń kà, àti pé nígbàkúùgbà tí ọmọ Yorùbá bá fi ìdùnnú ka iye yẹn, ikú irú ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ń kà.

Ẹnì kan lè dìde kí ó bi mí pé ṣé ọwọ́ àwọn tìrẹ mọ́? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní sá fún un. Bọ́ǹbù tí RAF jù sí Hamburg ní oṣù Keje ọdún 1943 pa ènìyàn tí ó lé ní 30,000, obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba tí Shenbanjo àti Vivour jagun fún ni ìjọba tí ó gba ilẹ̀ wa, tí ó sì kà wá sí ọmọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ni pé ìdí nìyí gan-an tí ó fi jẹ́ oríkì ni mo ń béèrè fún wọn, tí kì í ṣe pátákó ìpolówó. Kí oríkì wọn sọ pé wọ́n fi ara wewu láti bá ìkà tí ó burú jù lọ láyé ìgbà yẹn jà. Kí ó sọ pé ọmọdé kú lábẹ́ ọkọ̀ wọn. Kí ó sọ pé ọ̀gá tí ó rán wọn níṣẹ́ kò kà wọ́n sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ogun tó dé. Ju 55,000 nínú àwọn tí ń ru bọ́ǹbù fún RAF ni kò padà wálé. Ẹni tí ó mọ̀ pé irú iye bẹ́ẹ̀ ń kú, tí ó sì tún gun ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ní ohun tí oríkì lè dì mú. Ohun tí kò yẹ ni kí a pa gbogbo rẹ̀ mọ́, kí a sì máa fi ẹnu wa yin ẹni tí ó dojú ìbọn kọ wọ́n.

Kì í ṣe ti òfurufú nìkan ni a pàdánù. Àwọn ọmọ wa tí ó bá Ẹ̀yà Ogun 81 àti 82 lọ sí Bọ́mà, mélòó nínú wọn ni a mọ̀? Isaac Fádóyèbò, ará Ẹmùrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ ní Bọ́mà ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará abúlé sì fi òun àti ọmọ ogun Sierra Leone kan pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lábẹ́ imú ọmọ ogun Jàpáànù. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè rẹ̀. Ó kú ní 2012. Ìtàn ọmọ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ fi Yorùbá sunkún rẹ̀ nílé, kò rí èdè ìyá rẹ̀ wọ̀.

Ní Ìbàdàn kan náà tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí, ilé gíga kan wà lórí Òkè Àárẹ̀ tí gbogbo ọmọ iléèwé máa ń gùn, èyí tí à ń pè ní Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ní ìrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Bower yìí ni ó yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895. N kò ní kí a wó o lulẹ̀; ilé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ní ni pé ìlú tí ó lè fi òkúta ránti àjèjì tí ó fọ́ ilé wa kò lè sọ pé òun kò rí òkúta fún àwọn ọmọ tí ó jáde nínú ilé náà. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára wa lọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tí gbọ̀ngàn Mápó wà lábẹ́ rẹ̀ wá ibì kan lára ògiri gbọ̀ngàn náà, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú tí ó lọ sógun Bọ́mà àti ogun òfurufú síbẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a lè pè é bí ìyá wọn ti pè é. Kí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa padà sí agboolé láti Oríta-mẹ́rin dé Bẹ́yẹrúnkà, kì í ṣe láti gba oríkì Ògúnmọ́lá sílẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, bí kò ṣe láti bi àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ará Bọ́mà ní ohun tí bàbá wọn sọ àti ohun tí ó kọ̀ láti sọ. Kí akéwì tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kì Peter Thomas àti Vivour. Kí òǹkọ̀wé kan túmọ̀ ìtàn Fádóyèbò sí Yorùbá.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọjà yẹn ni a ń ná báyìí nígbàkúùgbà tí a bá jókòó tí a ń ka 352, tí a ń ka 158, tí a ń ka 121. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń gbọ́ wa ń kọ́ nínú ẹnu wa pé ogun jẹ́ ohun tí àwọn òyìnbó aláwọ̀ funfun ń ṣe dáadáa lójú òfurufú, àti pé àwa jẹ́ òǹwòran. Kò sí òyìnbó kankan tí ó ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí lónìí. Àwa ni.